Fèrè Tí Kò Dún Lọ́sàn-án

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì níwájú Adákẹ́, àgbà òtẹ̀lẹ̀múyẹ́, àkókò kan náà ló sì wà lára méjèèjì: aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún. Kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín.

Ìwé àkọ́kọ́ wá láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kòtò ìdọ̀tí ní ilé iṣẹ́ awọ. Imú ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbóòórùn afẹ́fẹ́ olóró tó máa ń rú jáde láti inú ẹrẹ̀ tí wọ́n fọ̀ kúrò lára awọ. Imú ní ìrántí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé ní àkókò yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ olóró kọjá ààlà. Ìwé kejì wá láti inú kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ìṣọ́, èyí tó yẹ kó gbọ́rọ̀ lẹ́nu Imú kó sì fọn fèrè. Ní àkókò yẹn kan náà ni kọ̀ǹpútà kọ ìlà tó kọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìlà náà, òfìfo.

Fèrè ò dún. Ọkùnrin kan tó ń kó ẹrẹ̀ nínú kòtò kú síbẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà ni bàbá tó bí i lọ́mọ.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ṣílẹ̀kùn wọlé.

"Bàbá, ọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Kí lẹ tún ń wá nínú ìwé?"

"Ó jẹ́wọ́ pé òun ló pa ètò tó ń ṣọ́ Imú nínú kọ̀ǹpútà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Báwo ló ṣe mọ ìgbà tó yẹ kóun pa á?"

Ọ̀gá wò ó. Adákẹ́ ò sọ nǹkan kan mọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ohun tí wọ́n sì torí rẹ̀ fún un lórúkọ nìyẹn: á bi ọ́ ní ìbéèrè kan, á wá dákẹ́ títí ìwọ fúnra rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí o ò fẹ́ sọ.

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́ o," ni Ọ̀gá wí. "Èmi kì í ṣe ọ̀daràn yín."

Adákẹ́ ti ìwé méjèèjì sí i. "Láti aago méje àárọ̀ tó ti jókòó, ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá lé ní ẹgbàá mẹ́tàlá. Nínú gbogbo wọn, orí èyí tí afẹ́fẹ́ kọjá ààlà ni ọwọ́ rẹ̀ wá ṣèèṣì bọ́ sí. Ẹni tó wà ní yàrá ìṣọ́ ò sì lè rí kòtò láti ibi tó jókòó sí."

"Nǹkan máa ń ṣe kòńgẹ́."

"Ó máa ń ṣe kòńgẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé kejì. Nígbàkígbà tí èèyàn bá fọwọ́ pa ètò yìí, yóò kọ ọ́ pé 'A ti pa á' kó tó lọ. Ó wà níbẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá kú lójijì ni kì í dágbére."

Ọ̀gá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó mí kanlẹ̀.

"Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni mò ń gbé e lọ kóòtù. Ìyàwó olóògbé ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti ìjẹta, ó ní òun ò ní kúrò àfi tóun bá rí i tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú bàbá ọkọ òun jáde. Ẹ ní òní, Bàbá. Òní nìkan."

*

Bàbá Aago-Méje ni gbogbo àdúgbò ilé iṣẹ́ awọ ń pe bàbá tó wà látìmọ́lé náà. Aago méje gééré ló máa ń dán fèrè wò láràárọ̀, àwọn aráalé tó wà nítòsí sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jí ọmọ wọn lọ sílé ìwé. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ̀yìn rẹ̀ ò kan ògiri.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ tún un sọ fún mi. Ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe nìkan ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ tọkàn yín."

"Mo ń nu tábìlì. Mo fọwọ́ òsì gbé kíbọọ̀dù sókè, mo ń fi aṣọ nu abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú."

"Kí lẹ tẹ̀?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ pa á."

"Ta ni ì bá tún pa á? Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

Adákẹ́ dákẹ́. Omi ń kán níbì kan lẹ́yìn ògiri.

"Ohun tí ẹ fẹ́ bi mí, mo mọ̀ ọ́n," ni bàbá náà wí. "N ò sáré lọ síbi kòtò. N ò pariwo. Ojú ló ń tì mí, pé àgbàlagbà bíi tèmi fi àkísà pa kọ̀ǹpútà. Mo jókòó, mo ń tún un tàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa ń gbà kó tó jí. Bó ṣe jí báyìí, fèrè dún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀."

"Ó dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe fèrè." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ yẹn, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, á máa rùn bí ẹyin jíjẹrà. Tó bá wá pọ̀ tán, imú èèyàn ò ní gbọ́ ọ mọ́. Á dà bí ẹni pé ó ti lọ. Ọmọ mi bi mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, 'Bàbá, ṣé fèrè yín ń ṣiṣẹ́?' Mo ní, 'Ṣé etí ẹ di ni? Ṣé o ò gbọ́ ọ ní aago méje?' Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ bàtà rẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe máa ń dán an wò?"

"Ìlànà wà lára ògiri. Pa ètò. Tún un tàn, kó lè ṣí ojú ìwé tuntun fún ọjọ́ náà. Fín afẹ́fẹ́ olóró inú agolo díẹ̀ sí Imú. Bí fèrè bá dún, kọ ọ́ sílẹ̀, fọwọ́ sí i. Oṣù mọ́kànlá. N ò fo ọjọ́ kan rí."

Adákẹ́ dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, bàbá náà pè é.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má ṣe wàhálà nítorí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ."

*

Ní ilé iṣẹ́ awọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ sí i létí ni pé kó wo Oníná dáadáa. Oníná ló ń tún gbogbo wáyà ibẹ̀ ṣe. Òun àti olóògbé jà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wáyà ẹ̀yìn fèrè sì ti tú. Adákẹ́ bá a lẹ́bàá kòtò, tí wọ́n ti fi pákó dé.

"Ẹ̀yin ni Adákẹ́?" ni Oníná wí. "Wọ́n ní ìdákẹ́ lẹ fi ń mú èèyàn. Èmi ò lè panu dé rárá, ẹ ò ní rí iṣẹ́ ṣe lára mi."

"Wáyà yìí tú."

"Mo rí i."

"Ìwọ àti olóògbé jà."

"A jà dáadáa. Ó jókòó lé àpótí irinṣẹ́ mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mo ní ìdí rẹ̀ wúwo ju orí rẹ̀ lọ. Ó gbá mi létí. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpótí tuntun wá fún mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jókòó lé e kí òun wò ó bóyá tèmi fúyẹ́. Ṣé irú ìjà tí wọ́n fi ń pààyàn nìyẹn?"

Adákẹ́ ń wò ó.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àbí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Bí mo bá ti tú wáyà kó tó kú, fèrè wo ló wá dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin? Fèrè ìyá mi?"

"Ìbéèrè tí mò ń dúró dè lẹ́nu rẹ nìyẹn," ni Adákẹ́ wí. Ó fi ìka kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, níbi tí ọ̀dà pupa ti fara ha á. Ọ̀dà àkàbà kòtò ni. "Àwọn tó gbé òkú jáde ló fi àkàbà fa wáyà yẹn tu."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Oníná. "Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú," ó ní. "Òótọ́ ni mo sọ, ó wúwo."

*

Ẹni tó kọ ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Ó ti dé yàrá ìṣọ́ ṣáájú Adákẹ́, ó sì ti múra bí ẹni tó ń lọ wá iṣẹ́.

"Sà, mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀. Ètò mi ò ní àbùkù."

"Dán an wò kí n rí i."

Ó tẹ̀ lé ìlànà ara ògiri: ó pa ètò, ó tún un tàn, wọ́n dúró títí ó fi jí. Adákẹ́ rán Oníná, tó ti so wáyà fèrè padà, kó lọ fín afẹ́fẹ́ inú agolo sí Imú. Fèrè dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tó ń ṣa awọ níta fi jù ú sílẹ̀, tí wọ́n kígbe.

"Ẹ rí i bí, sà?"

"Mo rí i. Má fọwọ́ kàn án mọ́." Adákẹ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọjá mẹ́sàn-án díẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó.

"Kí la ń dúró dè, sà?"

"Ọ̀sán."

Wọ́n dúró. Nọ́ńbà aláwọ̀ ewé ń lọ sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ bí afẹ́fẹ́ kòtò ṣe rí, bí ẹni tí ara rẹ̀ le pátápátá.

"Sọ fún mi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu Imú," ni Adákẹ́ wí. "Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé o."

"Àwọn tó ṣe Imú ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ ní èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Sí. Èdè àgbà ni. Ó yá, ó le, kì í dárí ji èèyàn. Èdè tí èmi fi kọ tèmi rọrùn, tí mo bá kọ ọ́ láàárọ̀ á ti máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Tèmi ló ń pe tiwọn."

"Tìrẹ ló wá ń bi tiwọn ní gbogbo ìgbà pé, 'Ṣé afẹ́fẹ́ ti pọ̀?'"

"Nọ́ńbà tí ẹ rí yìí nìkan ni mò ń bi wọ́n. Ti ìdágìrì yàtọ̀, ìyẹn ò gbọdọ̀ dúró de ìbéèrè. Mo kọ iṣẹ́ kékeré kan sínú ètò mi tó ní, 'Fọn fèrè.' Mo wá fún Sí ní àdírẹ́sì rẹ̀. Mo ní, 'Tí afẹ́fẹ́ bá kọjá ààlà, ibí yìí ni kí ẹ pè.' Mo bá tèmi lọ."

"Bí ẹni fi nọ́ńbà ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sà."

"Dókítà àti onílé ò gbọ́ èdè ara wọn, àbí?"

"Wọn ò gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀: iye nǹkan tí Sí máa gbé wá tó bá pè, irú nọ́ńbà tó jẹ́, irú èsì tó máa gbà lọ. Tí mo bá ṣì í sọ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dojú rú."

Adákẹ́ fara balẹ̀ gbé àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó jọ pé ọwọ́ ti tẹ ohun tó ń wá. "Ṣé o ṣì í sọ?"

Wọ́n ṣí ìwé tí àwọn tó ṣe Imú fi ránṣẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò. Nọ́ńbà méjì ni ìwé ní òun máa gbé wá: kòtò wo ni, báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà méjì ni ètò ń retí, irú kan náà. Èsì kankan ò sí nínú ìwé, kò sì sí nínú ètò. Wọ́n bára mu bí ọwọ́ òsì àti ọ̀tún. Adákẹ́ gbé àga rẹ̀ padà síbi tó wà.

Ní aago méjìlá, ó ṣí fèrèsé, ó juwọ́ sí Oníná. Oníná fín afẹ́fẹ́ sí Imú.

Fèrè ò dún. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà dìde dúró. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí kíbọọ̀dù. Adákẹ́ ti kó ọwọ́ méjèèjì sí àpò láti ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun sọ.

"Tún un tàn. Wo ìlà tó kọ kẹ́yìn."

Wọ́n dúró kó tó jí. Kò sí "A ti pa á." Oníná tún fín agolo, fèrè sì dún gooro.

"Láàárọ̀ ó dún," ni Adákẹ́ wí. "Lọ́sàn-án kò dún. A tún un tàn, ó dún. Imú kan náà, agolo kan náà, wáyà kan náà. Kí ló wà láàárín?"

"Àkókò nìkan, sà."

"Àkókò kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. A jókòó fún wákàtí mẹ́ta, a ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló ń rìn kiri nínú ilé yẹn nígbà tí a jókòó?"

Ó wá dákẹ́. Òógùn yọ lábẹ́ imú Ọmọ Kọ̀ǹpútà.

"Agbálẹ̀," ló wí níkẹyìn.

"Agbálẹ̀ wo?"

"Ó bá èdè tèmi wá ni, sà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bí ètò bá ṣe ń ṣiṣẹ́, nǹkan á máa kún inú rẹ̀. Agbálẹ̀ á máa yí ká lóòrèkóòrè. Ohun tí kò bá sẹ́ni tó dì í mú mọ́, á gbá a dànù, á sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn."

"Báwo ló ṣe ń mọ ohun tí wọ́n dì mú?"

"Tí mo bá fún nǹkan lórúkọ, tí orúkọ yẹn sì ṣì wà nínú ètò, kò ní fọwọ́ kàn án."

"Iṣẹ́ tó ń fọn fèrè, o fún un lórúkọ?"

"Òun ní orúkọ, sà. Ṣùgbọ́n Sí ò lè pe òun gan-an. Mo ní láti wé e sínú nǹkan mìíràn tí Sí lè pè. Àdírẹ́sì ohun tí mo fi wé e ni mo fún wọn."

"Kí lorúkọ ìyẹn?"

Ọmọ Kọ̀ǹpútà yí ètò náà lọ sí ìlà kan. Ó fi ìka sí i.

"Mi ò fún un lórúkọ. Mo wé e, mo nà án sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé àwọn tí mo nà án sí ti dì í mú."

"Wọn ò dì í mú."

"Àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Agbálẹ̀ ò sì ríran dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú tirẹ̀, yàrá tí kò lẹ́ni tó ni ín ni."

Ohun gbogbo wá tò lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn Adákẹ́. Láàárọ̀, yàrá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di kíkọ́. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn á bá èèyàn nílé. Kí oòrùn tó mú, agbálẹ̀ ti gbá a. Nọ́ńbà aláwọ̀ ewé ń lọ sókè sódò, kò sóhun tó fi hàn pé ilé ti wó. Lọ́sàn-án, Imú gbóòórùn ikú, ó sáré lọ sí àdírẹ́sì tí wọ́n fún un, ó já sínú ọ̀gbun, gbogbo ètò sì bá a lọ. Àkísà bàbá arúgbó kan kàn wà lórí tábìlì nígbà tó ṣẹlẹ̀ ni.

"Ìlà mélòó ni a ó fi tún un ṣe?"

"Ẹyọ kan, sà. Kí n fún un lórúkọ, kí n sì dì í mú títí ètò á fi parí."

"Ẹyọ kan."

Ọmọ Kọ̀ǹpútà gbé orí lé tábìlì. Adákẹ́ ò fọwọ́ bà á léjìká.

"Ta ló kọ ìlànà ara ògiri yìí?"

"Èmi náà ni."

"Kí ló dé tí o fi ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n tó dán an wò?"

"Kí ojú ìwé ojoojúmọ́ lè mọ́."

"Láràárọ̀, ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lẹ̀ ń bi pé ṣé ara rẹ̀ le. Kò sẹ́ni tó bi í lọ́sàn-án." Adákẹ́ dé fìlà rẹ̀. "Ibo ni ètò yìí tún wà?"

"Ilé iṣẹ́ awọ mẹ́rin míì, sà."

"Ìlànà kan náà ló wà lára ògiri wọn?"

Ọmọ Kọ̀ǹpútà ò gbórí sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

*

Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó pe Oníná lórí fóònù kó jẹ́rìí sí i, ó sì mú ìwé ìjẹ́wọ́ bàbá náà, ó ya á sí méjì.

"Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún un," ó ní. "Ọmọ tó kọ ètò, adájọ́ ló máa sọ tirẹ̀. Ẹ sọ fún ìyàwó tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ò lè sọ ọ́."

Ìyàwó olóògbé ò dìde nígbà tí Adákẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ó di etí rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ìyàwó, kì í ṣe bàbá ọkọ yín ló pa á."

"Ta ni?"

"Àṣìṣe ni. Ìlà kan nínú ètò kọ̀ǹpútà."

"Ṣé ó lójú?"

"Kò lójú."

"Ṣé mo lè jókòó síwájú rẹ̀ ní kóòtù, kí n máa wò ó títí ojú á fi tì í?"

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹnì kan ló kọ ọ́, àbí?"

"Ẹnì kan kọ ọ́. Ó ń sunkún níbi tí mo fi í sí. Kò mọ ọkọ yín rí."

Obìnrin náà ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí dì mú. Ẹ ti wá gbà á lọ́wọ́ mi." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Ó gba iwájú àtìmọ́lé kọjá, kò yíjú síbẹ̀.

*

Adákẹ́ mú Bàbá Aago-Méje wá sí yàrá tirẹ̀, ó fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò. Bàbá náà gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú mìíràn.

"Ọwọ́ mi kọ́."

"Ọwọ́ yín kọ́."

"Ká ní mo ti dán an wò lọ́sàn-án," ni bàbá náà wí. "Lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú oṣù mọ́kànlá."

Adákẹ́ dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi dẹ okùn fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má fi ìdákẹ́ ṣe mí."

"Ẹ̀ bá ti mọ̀."

"Ẹ ṣeun," ni bàbá náà wí.

Kò sí ohun tí òtẹ̀lẹ̀múyẹ́ lè fi kún un. Adákẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé òótọ́ kì í ṣe oògùn. Ó fa fóònù orí tábìlì mọ́ra nítorí iṣẹ́ ṣì kù. Ó ti pe ilé iṣẹ́ awọ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un: fèrè tiwọn ń dún, àárọ̀ yìí ni wọ́n dán an wò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà láti kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ó pe ẹ̀kẹrin. Ohùn ẹni tó gbé e ròkè tó bẹ́ẹ̀ tó fi dé etí àwọn méjèèjì.

"Ọlọ́pàá? Ẹ̀yin ọlọ́pàá ti wá di oníkọ̀ǹpútà? Ẹ má dà mí láàmú o jàre. Fèrè wa dún ní aago méje àárọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kó fọ́ mi létí!"

"Mo ní kí ẹ kó àwọn èèyàn yín jáde nínú kòtò títí…"

"Kí n dá iṣẹ́ dúró? Ọ̀gá wa á pa mí jẹ. Mo ní ó dún!"

Bàbá Aago-Méje ti dìde. Ó na ọwọ́, Adákẹ́ sì gbé fóònù fún un.

"Ìwọ lò ń dán an wò níbẹ̀?" ni bàbá náà bi í.

"Èmi ni. Ta nìyẹn?"

"Èmi ni mò ń dán tiwa wò."

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní… wọ́n ní ẹ̀yin lẹ…"

"Ta ló wà nínú kòtò yín báyìí?"

"Àwọn méjì kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ni."

"Má wo kọ̀ǹpútà. Má jókòó. Sáré lọ pè wọ́n jáde."

"Bàbá, ọ̀gá wa…"

"Sáré!"

Wọ́n gbọ́ tí àga ṣubú lọ́hùn-ún, tí ẹsẹ̀ ń jìnnà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ tó ń fọ awọ nìkan ni. Adákẹ́ na ọwọ́ pé kí bàbá jókòó. Kò jókòó. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó padà, kí ẹnì kan tó gbé fóònù pẹ̀lú èémí tó ń lọ sókè sódò.

"Wọ́n ti jáde, Bàbá. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n ní mo ya wèrè. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Hẹ̀n? Wọn ò tíì pé ọgbọ̀n."

"Gbé fóònù náà súnmọ́ wọn."

Ẹ̀rín náà wọlé sínú yàrá, ti ọkùnrin méjì, ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú èébú kékeré tí kò níkà nínú. Bàbá Aago-Méje tẹ fóònù mọ́ etí. Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà, ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ ọlọ́mọ, títí ẹnì kan lọ́hùn-ún fi ní kí wọ́n máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níta kòtò, tí wọ́n sì pa fóònù náà.